Ọwọ́ Tí Yóò Gbé Ọ̀rá Náà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, gbólóhùn kan wà tó ti di àjogúnbá lẹ́nu wa. Bí ọmọ kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, tàbí tí ó gbé C wálé nínú ìṣirò, a ó ní: "Ṣé o fẹ́ máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ilẹ̀ káàkiri ni?" Bó bá wá bọ́ sí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń kọjá, a ó nawọ́ sí ojú fèrèsé kí ọmọ lè fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí à ń wí. Mo gbọ́ ọ ní Mushin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ń gbọ́ ọ nínú ilé àwọn ará wa ní Oxon Hill, ní Accokeek, àti níhìn-ín ní Fort Washington, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò gbèrò ibi. Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ ọ́, àti ìrántí gbogbo ohun tí a fi sílẹ̀ kí á tó dé ìlú yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ gbọ́. Ó gbọ́ pé ọkùnrin tó dì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ. Ọmọ tó ti gba èyí gbọ́ kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó ju ìgò fífọ́ sínú ọ̀rá, kó so ó, kó wọ́ ọ síta. Ta ni yóò gbé e? Ẹni ìyà yẹn náà ni. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti bá yín sọ nìyí: ẹ̀gàn tí a sọ ní pálọ̀ ló ń di ọgbẹ́ lójú títì. Púpọ̀ nínú ewu tó wà nínú iṣẹ́ àwọn akólẹ̀, inú ilé wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àwa àti àwọn ọmọ wa ló sì ń fi ọwọ́ ara wa dì í sínú ọ̀rá. Ẹ̀kọ́ ilé ni ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ yìí ń pani. Bureau of Labor Statistics, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye òṣìṣẹ́ tó kú lẹ́nu iṣẹ́, ka akólẹ̀ 41 tó kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 41.4 nínú òṣìṣẹ́ 100,000. Ti gbogbo òṣìṣẹ́ lápapọ̀ jẹ́ 3.5. Àwọn agégẹdú, àwọn apẹja àti ọdẹ, pẹ̀lú àwọn tó ń kan òrùlé nìkan ni ikú pa jù wọ́n lọ ní ọdún náà. Ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn kiri, tí a ń dárúkọ nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí, ewu tirẹ̀ kò tó ìdajì èyí. Ọkọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ wọn, yálà ọkọ̀ tiwọn tó ń fà sẹ́yìn tàbí mọ́tò ẹlòmíràn tó ń sáré kọjá. Àwọn tí kò kú, ẹ̀yìn wọn ń bàjẹ́ nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń yí ara padà láti ju ẹrù sókè, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Eruku tó ń tú jáde nígbà tí ọ̀rá bá bẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ ní olu tó ń hù lára ohun jíjẹrà àti kòkòrò àìfojúrí nínú. Àwọn olùṣèwádìí ní Denmark rí i ní àwọn ọdún 1990 pé bí akólẹ̀ bá ṣe ń fa eruku bẹ́ẹ̀ símú tó ni ìrìndọ̀ àti ìgbẹ́ gbuuru ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ní àdúgbò wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kó ilẹ̀. Orí ẹja àti omi ẹran tí a dà nù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó o tán yóò wà nínú ooru oṣù July fún odindi ọ̀sẹ̀ kí ẹnìkan tó wá fi ọwọ́ kàn án.

Ooru yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baltimore, ìlú tí kì í gbà wá ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ láti dé.

Ní August 2, ọdún 2024, Ronald Silver II wà lẹ́nu iṣẹ́ akólẹ̀ ìlú Baltimore. Ọmọ ọdún 36 ni, ó sì ti bí ọmọ márùn-ún. Ooru ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ní ìwọ̀n Fahrenheit. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó tọrọ omi. Obìnrin tó wà nílé bu omi fún un, ó sì pe 911, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò ní ooru ló pa á. Nínú oṣù July tó ṣáájú, Isabel Mercedes Cumming, ọ̀gá àyẹ̀wò ìlú náà, ti gbé ìwé jáde lórí ọgbà tí àwọn akólẹ̀ ti ń gbéra ní Cherry Hill. Ó sọ nípa omi mímu, nípa yìnyín, nípa ẹ̀rọ amúlétutù. Ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ikú tó dé. Nígbà tó di November ọdún kan náà, akólẹ̀ mìíràn ní Baltimore, Timothy Cartwell, ẹni ọdún 61, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ilẹ̀.

Bí ooru ṣe ń pa èèyàn, ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n, pàápàá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá. Òógùn ló ń gbé ooru náà jáde. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ìhà odò Potomac wa níbí kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru á wá há sínú. Ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ilẹ̀ ní ooru ẹ́ńjìnnì níwájú, ooru ọ̀dà títì lábẹ́ ẹsẹ̀, àti aṣọ iṣẹ́ tó nípọn lọ́rùn. Bí ooru bá ti gun ọpọlọ, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ẹni náà lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ máa wò ó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé, ni ó wà nínú ewu jù, nítorí pé ara máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó mọ ooru lára.

Lẹ́yìn ikú Silver, òfin ooru tí ìpínlẹ̀ Maryland ti ń múra rẹ̀ bọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 30, ọdún 2024. Ó pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó pèsè omi tutù tó tó nǹkan bíi lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àti ibi òjìji. Bí ooru àti ọ̀rinrin tí wọ́n ṣírò pọ̀ bá dé 90, ìsinmi ìṣẹ́jú 10 láàárín wákàtí méjì di dandan. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n òfin kò sí níbi tí ọkùnrin méjì ti ń sáré kó ilẹ̀ ní Swan Creek Road ní agogo kan ọ̀sán. Àwa tí ilé wa wà ní òpópónà yẹn ló wà níbẹ̀.

Bí mo ti ń ka ìròyìn Silver, Memphis ló wá sọ́kàn mi. Ní February 1, ọdún 1968, òjò ń rọ̀ ní Memphis, akólẹ̀ méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fún ilẹ̀ pọ̀ ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó sì fún wọn pa. Cole jẹ́ ẹni ọdún 36, Walker jẹ́ ẹni ọdún 30. Kí ló dé tí wọn kò sá sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan? Èèyàn dúdú ni wọ́n. Àwọn onílé kò fẹ́ rí wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ìjọba ìlú sì ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa sá sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni àwọn akólẹ̀ 1,300 fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n gbé pátákó kọ́rùn pé ènìyàn ni àwọn. Nítorí tiwọn ni Martin Luther King ṣe lọ sí Memphis. Ní March 18 ó sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹni tó ń kó ilẹ̀ wa ṣe pàtàkì bíi dókítà, nítorí pé bí òun kò bá ṣiṣẹ́, àìsàn yóò gba ìlú kan. Nítorí tiwọn ló ṣe padà lọ, ìlú náà sì ni wọ́n ti yìnbọn pa á ní April 4.

Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Ní 1968, ẹnu ọ̀nà ilé ni ibi tí akólẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé, ìyẹn ló sì rán méjì lọ sínú ẹnu ẹ̀rọ. Ní 2024, ẹnu ọ̀nà ilé ni akólẹ̀ gbà lọ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, ẹnìkan sì ṣílẹ̀kùn. Bí Silver bá ti kan ilẹ̀kùn tiwa ńkọ́? Mo ń bèèrè tọkàntọkàn, nítorí mo mọ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa níbí. A ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni nígbà tí a kò bá sí nílé. Ẹ̀rọ kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ á yọjú wò ó lórí fóònù, á rí ọkùnrin tí òógùn bò, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, á sì dákẹ́. Mi ò sọ pé kí á yí òfin ààbò ilé wa padà. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún àjèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ wa lè gba inú ẹ̀rọ náà dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, omi wà nínú kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́sìbìn," bí a bá ti gbé kúlà síbẹ̀. Ó sì lè pe 911 láìṣílẹ̀kùn. Ẹ kọ́ wọn ní àmì rẹ̀: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, tó ń bì, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná.

Nílé àwọn òbí wa, omi ni a kọ́kọ́ ń gbé fún ẹni tó bá wọlé, kí á tó bèèrè ohun tó gbé e wá. Omi kò lọ́tàá. Ní àwọn ọjọ́ ooru, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ iṣẹ́ ọmọ láti gbé ìgò omi àti yìnyín sínú kúlà kékeré, kó lẹ ìwé mọ́ ọn pé tiwọn ni. Kò ná wa ní ohun kan tó ju ohun tí à ń ná lórí ife kọfí kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sínú ọ̀rá náà fúnra rẹ̀.

Àwa Yorùbá tó wà ní Prince George's County, ẹ jọ̀wọ́, mélòó nínú wa ni kò ní nọ́ọ̀sì kan nínú ẹbí? Nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú arúgbó, ẹni tó ń lọ sílé aláìsàn lálẹ́: iṣẹ́ wa nìyí níbí. Gbogbo wa la mọ àpótí pupa tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ní ọsibítù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju abẹ́rẹ́ sí ibòmíràn. Nọ́ọ̀sì tó bá ju abẹ́rẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lásán lẹ́nu iṣẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá wa bá ti Nàìjíríà dé, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń gún ìka wo ṣúgà ní àárọ̀ àti lálẹ́, níbo ni abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ nínú ilé wa? Nínú ọ̀rá ilé ìdáná, pẹ̀lú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tí yóò gbé ọ̀rá náà yóò gbé e mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ kì í dá abẹ́rẹ́ dúró. Kòkòrò hepatitis B, àrùn mẹ́dọ̀wú tí a mọ̀ dáadáa nílé, lè wà láàyè lóde ara fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Ìyẹn jẹ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ wá títí di ọjọ́ tí yóò tún wá. Ẹni tí abẹ́rẹ́ gún á lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ oògùn, á tún padà lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sì ní lè sùn tọkàn balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Bí kò bá tilẹ̀ kó àrùn kankan, ta ni yóò dá oorun rẹ̀ padà fún un?

Ohun tí FDA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ, ní kí á ṣe kò le. Ẹni tí kò bá ní àpótí abẹ́rẹ́, kó lo agolo oníke tó le, tó ní ìdérí tó dè, bíi ti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọṣọ. Nílé wa, iṣẹ́ ọmọbìnrin mi ni. Nígbà tí Màmá dé láti Abẹ́òkúta, ó fọ agolo ọṣẹ kan, ó jẹ́ kó gbẹ, ó fi kálàmù dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o mọ́ ike àtúnlò. Ó gbé e sí orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá. Bí wọ́n bá gún ìka tán, wọ́n á ju abẹ́rẹ́ síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí yóò dún "kó" nísàlẹ̀. Bí ó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọmọ náà á dé e, á fi téèpù tó nípọn wé ìdérí rẹ̀ yípo, á wá fi lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó yé e ju àgbàlagbà lọ.

Ó bi Màmá lọ́jọ́ kan bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Màmá, tí wọ́n dàgbà sí Ìta-Fájì ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa agbépòó: ọkùnrin tó ń wá lóru láti gbé ìgbẹ́ gbogbo agbo ilé lórí nínú póò, tó ń bo ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ẹ máa ń kí wọn, Màmá?"

"Ta ló bí ẹ láti sọ̀rọ̀ sí i? Bí o bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á rọra sọ póò kalẹ̀ síwájú ilé yín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ẹ ló máa sáré jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ó bá sì ti gbé e tán, bàbá àgbà wa á yọjú sójú fèrèsé: 'O kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á bá ọ gbé e.'"

Ìkíni yẹn ni a kò kó bọ̀ níhìn-ín. Ọmọ Yorùbá tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé láìkí i, ẹnìkan á pè é padà. Àwọn ọmọ wa níbí ń kọjá lára ọkọ̀ ilẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá lára òpó iná, tí wọ́n á sì di imú. Ó tó kí á pè wọ́n padà.

Àwọn nǹkan tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwo tàbí ìgò tó fọ́: ẹ fi bébà tó nípọn dì í, ẹ fi sínú páálí, kí ẹ tó jù ú sọ́rá, bákan náà ni igi ṣóńṣó tí a fi sun sùyà. Ẹ̀ẹ́dú tí a fi sun ẹja níbi ọjọ́ ìbí: eérú tó dà bíi pé ó ti kú lè ní iná nínú títí di ọjọ́ kejì, ẹ bomi pa á. Ọ̀rá tí a kó ìgò ọtí àti abọ́ ìrẹsì gbogbo àlejò sí lẹ́yìn òde àríyá: bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ní láti jọ fà á, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ̀yìn ọmọ ẹlòmíràn ni yóò gbé e.

Bátìrì ni kí ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́. Bátìrì lithium tó wà nínú fóònù, nínú ohun ìṣeré ọmọdé, nínú iná tí a ń gbé kiri, ní awọ tín-ín-rín kan nínú tó ya ẹ̀gbẹ́ méjì rẹ̀ sọ́tọ̀. Irin tó ń fún ilẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni yóò ya awọ náà, iná á sì sọ láàárín bébà àti ọ̀rá tó kún ibẹ̀. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, ka iná 245 tí bátìrì bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìkólẹ̀ 64 láàárín ọdún 2013 sí 2020. Kẹ́míkà pẹ̀lú léwu bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1996, ní Brooklyn, ẹnìkan ju ásíìdì tó ń jẹ́ hydrofluoric sáàárín ilẹ̀ lásán. Nígbà tí ọkọ̀ fún un, ó bẹ́ sára Michael Hanly, akólẹ̀ tó ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìlú New York, ó sì pa á. Ẹni tó gbé e síta kò mọ orúkọ Hanly. Bátìrì, ọ̀dà tó ṣẹ́kù, oògùn kòkòrò àti kẹ́míkà adágún ìwẹ̀ ní ibi tí county ti ń gbà wọ́n ní Brown Station Road ní Upper Marlboro. Ẹ gbé páálí kan sí gáréèjì, kí àwọn ọmọ máa kó wọn síbẹ̀ títí ẹ ó fi rìn débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti tó wakọ̀, ọ̀rọ̀ tiyín rèé. Ní Maryland, ọmọ lè gba ìwé ìkọ́kọ̀ nígbà tó bá pé ọdún 15 àti oṣù mẹ́sàn-án, òfin sì ní kí òbí tàbí àgbàlagbà mìíràn jókòó tì í fún wákàtí 60 kó tó gba ìwé tó tẹ̀ lé e. Wákàtí 60! Kò sí ẹ̀kọ́ mìíràn tí ìjọba fi lé wa lọ́wọ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ 210, Indian Head Highway, àti irú eré tí wọ́n ń sá níbẹ̀. Irú eré yẹn ni àwọn kan ń gbé wọ Livingston Road àti Old Fort Road. Láti October 1, ọdún 2018 ni òfin Maryland ti ka ọkọ̀ ilẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọ̀nà kejì fún bí ó bá dúró tó tan iná rẹ̀, tàbí kó dín eré kù bí ọ̀nà kejì kò bá sí. Bí ẹ bá bá ọkọ̀ ilẹ̀ pàdé nínú wákàtí 60 yẹn, ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wo bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń sá kọjá títì láìrí ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì nítorí pé ara ọkọ̀ ńlá dí i lójú. Ẹ jẹ́ kí inú bí ẹni tó ń fọn fèrè lẹ́yìn yín. Nílé, ní Èkó, mọ́tò ti pa àwọn agbálẹ̀ LAWMA, iléeṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba Èkó, lójú títì pẹ̀lú aṣọ ọsàn tó ń tàn yanran lọ́rùn wọn, nítorí pé ẹnìkan ń kánjú. Aṣọ kò lè gba ẹni tí awakọ̀ kò kà sí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó kan àwa àgbà. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí county gbéṣẹ́ fún ló ń kó ilẹ̀ wa. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń pe 311 bí wọn kò bá wá lọ́jọ́ tó yẹ. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa pe nọ́ńbà yẹn láti bèèrè bóyá àwọn tó wá náà ń rí lítà omi wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n ń jókòó fún ìṣẹ́jú 15 nígbà tí ooru bá dé 100, bóyá ilé iṣẹ́ náà ti fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B. Owó wa ló ń san iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ̀tọ́ wa ni láti bèèrè. Mo ń kọ lẹ́tà sí aṣojú wa ní County Council kí ooru tó tún dé, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta yìí nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kó mú ọmọ rẹ̀ dání wá ní ọjọ́ ìpàdé òbí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà kọ orúkọ tiwọn sí i.